Ẹ̀gbọ́n mi ní amọ̀tara-ẹni-nìkan ni mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Torí mo ní mi ò san owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò wa mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lóru, ó tún ń kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí kí gbogbo wọn lè rí i. Mo ti ka ìwé Ayn Rand dáadáa, òǹkọ̀wé tó ní kí olúkúlùkù gbé ayé fún ara rẹ̀. A ò bí mi láti wá sin ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n sọ tí wọ́n á fi fi mí lọ́rùn sílẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Ènìyàn laṣọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ lo ń sọ̀rọ̀ sí báyìí?

Àdùkẹ́: Ẹ rọra, sà. Tocqueville, òǹkọ̀wé òṣèlú ará Faransé, ti ya ìmọtara-ẹni-nìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìlànà òmìnira ẹni ní 1840. Amọ̀tara-ẹni-nìkan fẹ́ràn ara rẹ̀ ju gbogbo nǹkan lọ. Ẹni tó gba ìlànà òmìnira ẹni ní tirẹ̀ á fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú àwùjọ, *òun àti ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀*. Kò yọ ẹbí sílẹ̀.

Akin: Ìbéèrè kan ni tèmi: ṣé o ṣèlérí? Mill, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbèjà òmìnira ẹni ní 1859, sọ pé bí o bá fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe mú kí ẹlòmíràn gbára lé ọ, tó sì fi ìyẹn ṣètò ayé rẹ̀, ojúṣe tuntun ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹni tó béèrè: Bàbá Ìbejì, mi ò bú ẹ̀gbọ́n mi o.

Akin: O ò tíì dáhùn.

Ẹni tó béèrè: Òun ló san tèmi. Mo ní bí mo bá ṣe tán, màá gba ti àbúrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni, a ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Àdùkẹ́: Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Pàṣípààrọ̀ ni Rand fúnra rẹ̀ ń wàásù: gbà kí o sì san. O ti gba tìrẹ.

Akin: Kọ iye tó san lórí rẹ àti iye ọdún tó kù fún àbúrò sílẹ̀. San án tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí apá rẹ ò bá ká a, sọ ọ́ kí sáà tó wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lé ọmọ jáde. Kọ ọjọ́ tó máa parí sí i. Ohun mìíràn tí o ò bá ṣèlérí, o lè kọ̀ ọ́.

Bàbá Ìbejì: Ṣé ìlérí nìkan ló ń so ẹbí pọ̀ ni? Ta ló bá ọmọ ọwọ́ ṣàdéhùn kó tó fún un lọ́mú?

Akin: Òótọ́ lẹ sọ, sà, ibẹ̀ ni ìlànà Rand ti ń mẹ́hẹ. Àmọ́ ti oníbèéèrè yìí ò tíì débẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ọdún méjì ló kù. Ṣé orúkọ èmi nìkan ni màá kọ sínú ìwé náà?

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.