Orúnkún àbúrò mi: ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè nígbà yẹn bóyá kí n gbé àbúrò mi tó ṣubú lórí ọ̀kadà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, torí X-ray ò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kan hàn.

Ẹni tó ní ká ṣe CT scan lára yín (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ní ìpele-ìpele) ló gbà wá. Ibi tí X-ray ti fi ìlà tín-ínrín lásán hàn, CT fi hàn pé orí eegun ojúgun, níbi tó ti ń gbé orúnkún ró, ti jìn wọlé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrúù dè é. Ká ní a ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á ni!

Kò fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń bá mi jà. Yìnyín tẹ́ ẹ ní ká máa gbé lé e dín wíwú kù díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíká ẹsẹ̀ gan-an niṣẹ́: á jókòó sórí àga, á máa fi gìgísẹ̀ wọ́ táwẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn lórí sìmẹ́ńtì, òógùn á bò ó. Ó ti ń ká dé 110 digírì báyìí.

Kò tíì lè lóṣòó, ó sì máa ń wú nírọ̀lẹ́. Ọ̀kadà ńkọ́? Ó ti tà á. Ẹ ṣeun.