Fíìmù “Pride and Prejudice” ti 2005: ṣé ìyá ọmọ márùn-ún yẹn ló yẹ kí a máa fi rẹ́rìn-ín?

Ará Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àsìkò yìí o. Lálẹ́ Sátidé, èmi, àbúrò mi obìnrin àti ìyá wa àgbà jọ wo fíìmù tí Joe Wright darí láti inú ìwé tí Jane Austen gbé jáde ní 1813. Nígbà tí Darcy, ọkùnrin olówó inú fíìmù náà, fa Elizabeth, ọ̀kan nínú ọmọbìnrin márùn-ún náà, lọ́wọ́ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, tó wá ń na ìka ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ bó ṣe ń lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò mi dá a padà wò. Ìyá àgbà kò tilẹ̀ ka ọwọ́ yẹn sí. Wọ́n ní ìyá Elizabeth nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú ilé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé náà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ obìnrin náà di ẹlẹ́yà níbẹ̀ ni, àbí fíìmù ló fi kún un?

Olùkọ́, Ọ̀yọ́:
Ẹ bá mi kí ìyá àgbà. Ìwé gan-an ló le mọ́ ọn jù. Orí kìíní kò tíì parí tí Austen ti sọ pé òye rẹ̀ kò jinlẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fíìmù ló fún un láǹfààní láti fèsì: nígbà tí Elizabeth bi í bóyá ọ̀rọ̀ ọkọ nìkan ló máa ń rò, ìyá rẹ̀ ní kí Elizabeth náà bí ọmọbìnrin márùn-ún ná, kó wá sọ ohun mìíràn tí yóò máa rò. Ẹ rántí pé ọkùnrin nìkan ló lè jogún Longbourn, ilé àti ilẹ̀ ìdílé wọn, nítorí náà, ọjọ́ tí bàbá bá ti kú, Collins tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lè ní kí ìyá àtàwọn ọmọ kó ẹrù wọn jáde.

Ìyá Ìbejì:
Ohun tó dùn mí ni ibi tí Darcy ti wá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ lábẹ́ òjò, láìsí alárinà, tó sì ń bú ìyá ọmọ àtàwọn àbúrò rẹ̀ lójú ọmọ! Nínú ìwé, inú ilé ni wọ́n wà, ipò ìdílé nìkan ló sì fẹnu tàbùkù sí. Inú lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn náà ló ti sọ̀rọ̀ ìwà wọn, èyí tí Elizabeth kà ní àkàtúnkà títí ó fi gbà pé òun náà ti ṣi Darcy gbọ́. Èébú tí a gbọ́ nínú òjò, ta ni yóò fara balẹ̀ tú u wò? Àmọ́ òjò náà wuni í wò, n kò ní purọ́.

Ará Tákìé:
Mo ti ka èsì yín fún ìyá àgbà. Wọ́n ní kí n bi yín: Collins yẹn, ṣé ó padà gba ilé náà?

Olùkọ́, Ọ̀yọ́:
Ìwé parí, bàbá ṣì wà láàyè.