Àárẹ̀ ti dá mi dùbúlẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, Sátidé ni ìgbéyàwó: kí ni kí n jẹ?

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta (Manchester)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà lójúfò kó dá mi lóhùn. Mo wà ní Èkó báyìí, nílé màmá mi ní Èbúté Mẹ́ta. Sátidé yìí ni ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ni màá ṣáájú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wọlé. Ẹ mọ̀ pé àrùn Crohn, àìsàn tó ń mú kí ìfun wú tó sì ń bó, ń bá mi fínra. Inú ò run mí tó ti tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru náà ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó mú mi yìí ju agbára mi lọ. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa tán kí n má jókòó lójú ọ̀nà. Mo sùn sùn sùn, mo jí, ó tún ń rẹ̀ mí. Bí mo bá dìde, òòyì á kọ́ mi.

Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi. Láti àná ni wọ́n ti ń da mílíìkì agolo sínú mọ́ọ̀tì fún mi, àǹtí mi kan sì ti gbé àgbo jẹ̀dí dé láti Mushin. Kí ni kí n jẹ? Kí ni kí n má fẹnu kàn? Ṣé kí n lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́mísì ni? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Gbé àgbo yẹn sílẹ̀! Má tọ́ ọ wò rárá. Oògùn tó ń fọ inú ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ló fẹ́ fi ìfun tó ti bó ṣe? Nígbà tí mo wálé sìnkú bàbá mi, mo mu ún torí pé mi ò fẹ́ kí ẹbí sọ pé mo ti di òyìnbó. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè ni mo wà nígbà tí wọ́n ń gbé bàbá lọ sí itẹ́, dírípù lọ́wọ́ mi. Tíkẹ́ẹ̀tì mi jóná. Owó tí mo kó wá fún ibojì ni mo fi san owó bẹ́ẹ̀dì. Bá àǹtí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kúnlẹ̀ dúpẹ́, kí o sì gbé e pamọ́.

Bàbá Tóbi (Houston)

Ti àgbo, mo gbà. Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá ńkọ́? Òun ni wọ́n fi tọ́jú ìyàwó mi nígbà tó bí Tóbi, kò sì pẹ́ tí ara ẹ̀ fi ń dán padà. Ẹ jẹ́ kó máa mu ún.

Nọ́ọ̀sì Dublin

Bàbá Tóbi, ẹ má bínú, èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó yín bímọ, ìfun rẹ̀ sì pé, ara rẹ̀ ń gba ohun tó ń jẹ. Ti àbúrò wa yìí yàtọ̀.

Àbúrò mi, fara balẹ̀ kà á. Àárẹ̀ tí àìsàn ìfun ń fà, orísun rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò nínú ìfun díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò dì pa, tí ojú ò ní rí i nínú ìgbẹ́. Bí ìfun bá wú, wíwú yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ agbára, kì í sì í jẹ́ kí ara gba èròjà iron inú oúnjẹ, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀dọ̀ tó wà nínú abọ́ pọ̀ tó. Ibi tí Crohn fẹ́ràn jù ni ìparí ìfun kékeré, ibẹ̀ gan-an sì ni ara ti ń fa fítámì B12 tí a fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé ibẹ̀ kúrò fún ẹ, abẹ́rẹ́ B12 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Bí o bá ń lo oògùn Crohn bíi methotrexate tàbí sulfasalazine, folate, fítámì mìíràn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lè dín kù lára. Prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, kì í jẹ́ kéèyàn sùn dénú. Omi ara tó gbẹ nínú ooru Èkó náà ń fa òòyì. Èwo nínú wọn ló mú ẹ? Ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè mọ̀ láti ibi tá a wà.

Nítorí náà, lọ́la ni kí o lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí ẹ. Sọ fún wọn pé Crohn ni, kí wọ́n wo hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀), ferritin (iron tí ara fi pamọ́), B12, folate, fítámì D àti CRP (àmì wíwú nínú ẹ̀jẹ̀). Bí hemoglobin obìnrin tí kò lóyún bá wà lábẹ́ 12 g/dL, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Bó bá wà lábẹ́ 10 tí Crohn sì ń jà lọ́wọ́, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún èèyàn ní iron, kì í ṣe ẹnu. Ferritin gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Bí ìfun bá wú, ferritin á gòkè lásán, ó lè tó 100 síbẹ̀ kí iron má tó lára. Bí ẹnikẹ́ni bá rí 60 tó ní ara ẹ le, bi í pé CRP ńkọ́.

Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí àyà ń dùn ẹ́, tàbí o dákú, má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Bàbá Tóbi (Houston)

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Nàìjíríà, mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ni wọ́n ń mu. Ṣé gbogbo wa ni ò mọ nǹkan tá à ń ṣe ni?

Nọ́ọ̀sì Dublin

Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nílò omi àti ṣúgà lójú ẹsẹ̀, mọ́ọ̀tì sì ní méjèèjì. Ìdí tí ojú wọn fi ń là nìyẹn. Kò sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì ló tún bà á jẹ́: calcium inú ẹ̀ ń dí iron lọ́wọ́ láti wọ ara. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni mílíìkì ò sì bá lára mu, inú á kún, ìgbẹ́ á ṣàn, a ó máa pariwo pé Crohn ti jí.

Ọmọ Mushin (Johannesburg)

Mo wà lẹ́yìn Bàbá Tóbi díẹ̀ o. Ìgbà kan wà tí oúnjẹ kankan ò dúró nínú mi, mọ́ọ̀tì tí wọ́n ti rò kí gáàsì rẹ̀ lọ nìkan ni mò ń mu. Kò fún mi lẹ́jẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n rù kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun, ẹ má gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ní òmíràn tí ẹ máa gbé fún un.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Òmíràn wà. Taiwo mi ní Crohn láti kékeré. Oúnjẹ olómi tí ilé ìwòsàn kọ fún un nìkan ló mu, kò jẹ nǹkan mìíràn. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n máa ń ṣe é fún àwọn ọmọdé, tí ìfun á fi sinmi. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú ilé padà. Kì í ṣe mọ́ọ̀tì o.

Bàbá Tóbi (Houston)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo fà sẹ́yìn lórí mílíìkì. Lórí mọ́ọ̀tì, mo ṣì dúró.

Ọmọ Pópó Àgùdà (Toronto)

Ẹ ti gbàgbé oúnjẹ o, ẹ̀yin àgbà. Ó béèrè ohun tó máa jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ibì kan fún pọ̀ nínú ìfun yín? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún àgbàdo sísun, ẹ̀pà, awọ èso àti ọsàn tí èèyàn ń jẹ tòun ti háhá. Mo jẹ àgbàdo àti àgbọn l'Ójúẹlẹ́gba lálẹ́ tí mo máa wọ bàálù. Ìfun mi dí kí n tó dé Toronto, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tú u. Iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ torí ẹ̀.

Ohun tí mò ń jẹ bó bá rẹ̀ mí: ògì ní àárọ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, tí ẹyin àti ṣáwá wà nínú ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n sè rọ̀, kì í ṣe dídín. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ùgú, kí wọ́n rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é títí á fi rọ̀, kí ata má pọ̀. Omi ọsàn tí wọ́n sẹ́ mọ́ oúnjẹ, fítámì C inú ẹ̀ ń ran iron inú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọ ara. Tíì, ẹ fi í sí wákàtí mìíràn, má jẹ́ kó pàdé oúnjẹ. Kékeré kékeré lemọ́lemọ́ ni kí ẹ máa jẹ ẹ́, abọ́ ńlá ẹ̀ẹ̀kan ń pa mí sórí àga.

Nọ́ọ̀sì Dublin

O káre, àbúrò mi. Ẹ fi èyí kún un: bí ìgbẹ́ bá ṣì ń ṣàn, omi lásán ò tó. Lítà 1 omi tí wọ́n sè tó ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ṣe gogoro. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ Pópó Àgùdà (Toronto)

Àti frejon! Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́ kúnná, háhá kankan ò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ̀ ń lọ Sátidé, ẹ béèrè ní Campos, àdúgbò àwa Àgùdà.

Ọmọ Mushin (Johannesburg)

Frejon jẹ́ oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Ńlá, ta ló ń sè é ní Sátidé lásán? Kó jẹ gbẹ̀gìrì. Ẹ̀wà bíbó náà ni, kò sí mílíìkì àgbọn tí ọ̀rá rẹ̀ á tún gbé inú ẹ̀ dìde. Mainland ló mọ oúnjẹ aláìsàn.

Ọmọ Pópó Àgùdà (Toronto)

Gbẹ̀gìrì ti Ìbàdàn lẹ fẹ́ sọ di ti Mushin? Àwọn bàbá ńlá wa gbé frejon bọ̀ láti Bràsíìlì, a ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní òdìkejì afárá.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Ẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wá sí Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbogbo ẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ẹ̀yin ará Toronto, inú firísà lẹ ti ń jẹ ẹ̀fọ́.

Bàbá Tóbi (Houston)

Peckham, ẹ rọra. Ùgú wà lẹ́yìn ilé mi, ó ti gun ọgbà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ooru ibí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Èkó. Àárọ̀ yìí ni mo já ewé mélòó kan, òórùn rẹ̀ tó kan imú mi, mo rántí màmá mi ní Oyíngbò, bí wọ́n ṣe máa ń di ẹ̀fọ́ mọ́ inú bébà ìwé ìròyìn. Ó ń ṣe mí bíi kí n wálé.

Ọmọ Èbúté Mẹ́ta (Manchester)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo lọ láàárọ̀ yìí. Hemoglobin mi jẹ́ 9.6. Wọ́n ní èsì B12 àti ferritin ò tíì jáde, dókítà ìfun fẹ́ rí mi lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti dárúkọ iron inú iṣan. Nọ́ọ̀sì, mo sọ ti CRP fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Màmá mi ti gbà láti yọ mílíìkì kúrò, wọ́n ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ báyìí, wọ́n sì gbé àga sí ojú àtẹ̀gùn fún mi.

Ṣùgbọ́n Sátidé gan-an ńkọ́? Wọ́n á gbé ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù síwájú mi láàárín àwọn àna, pẹ̀lú ata rẹ̀. Ṣé kí n jẹ díẹ̀ ni, àbí kí n gbé oúnjẹ lọ láti ilé?

Ọmọ Mushin (Johannesburg)

Jọ́lọ́ọ̀fù ayẹyẹ! Tó jó nídìí ìkòkò! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́.

Ìyá Ìbejì (Peckham)

Kí ni aṣọ ẹbí yín? Ẹ fi àwòrán sí i.

Bàbá Tóbi (Houston)

Ṣé ẹnì kan ń bọ̀ ní Houston lóṣù tó ń bọ̀? Mo nílò irú wooro àti ẹ̀wà olóyin. Màá san owó ẹrù.

Ọmọ Pópó Àgùdà (Toronto)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi béèrè ní Campos bóyá wọ́n ń di frejon sínú ike fún ẹni tó ń rìnrìn àjò.