Ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ wa fẹ́ wọ yunifásítì: orúkọ ta ni kó kọ sí ààyè òbí lórí FAFSA?

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọbìnrin tí ìjọba fi sọ́dọ̀ wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 15 ti pé 18, yunifásítì ìjọba níbí sì ti gbà á. Inú wa dùn púpọ̀. Àmọ́ lánàá, nígbà tó ń kọ FAFSA, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ iléèwé lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó tó ń wọlé fún òbí, ló bá pa kọ̀ǹpútà dé. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò ní ẹni tí mo lè kọ síbẹ̀." Ṣé orúkọ èmi àti Bàbá Ìbejì la máa kọ ni?

Àǹtí kan, Dallas
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ má kọ orúkọ yín rárá. Alágbàtọ́ kì í ṣe òbí lójú FAFSA. Wọ́n máa bi í bóyá ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba rí láti ìgbà tó ti pé 13. Tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kà á sí ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ nìyẹn, owó tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò. Pell, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, lè tó 7,395 dọ́là ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025-26, kò sì ní san án padà.

Owó Chafee, ti àwọn ọmọ tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tún wà, ó lè tó 5,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún 5, kó tó pé 26. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀, kó tètè kọ ọ́. Tiwa ní Texas dáa sí i: ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba títí di ọjọ́ tó ku ọ̀la kó pé 18 kì í san owó iléèwé ní yunifásítì ìjọba, àmọ́ ọjọ́ orí kan wà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó wọlé. Lẹ́tà láti DFPS, iléeṣẹ́ ìjọba Texas tó ń bójú tó àwọn ọmọ yìí, ni wọ́n máa béèrè. Ẹ gbà á báyìí, kí caseworker rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó pa fáìlì dé.

Bọ̀dá kan, Atlanta
Kí ẹni tó ń tọ́ ọmọ ẹbí gbọ́ tèmi náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní green card, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó kọ mí sí bàbá torí Dádì ló ń pè mí, ni wàhálà bá dé. Àfídáfítì tá a ṣe ní Ìbàdàn ò ràn wá lọ́wọ́: kóòtù ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbé níbí ló lè fi yín ṣe alágbàtọ́ lábẹ́ òfin, kí ọmọ náà má bàa ní láti kọ òbí kankan. Àwọn òbí rẹ̀ gan-an la padà kọ. Nígbà tá a ṣẹ́ náírà wọn sí dọ́là, ó kéré débi pé ó rí Pell gbà.

Àǹtí kan, Dallas
Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn. Ọmọkùnrin tí èmi náà tọ́ rí owó gbogbo gbà, àmọ́ nígbà Kérésì wọ́n ti ilé tí wọ́n ń gbé ní iléèwé pa. Ibùdókọ̀ ni mo ti bá a, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú méjì. Ó ní òun rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà tóun pé 18. Ẹ bi iléèwé báyìí ibi tí ọmọ yín máa sùn tí wọ́n bá gba ìsinmi. Tó bá ń lo Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀, nígbà tó pé 18 lọ́wọ́ ìjọba, yóò máa lò ó títí á fi pé 26.

Ìyá Ìbejì, Houston
Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti fi FAFSA ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Bàbá Ìbejì gé kọ́kọ́rọ́ ilé kan fún un, ó so ó mọ́ báàgì ìwé rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá bẹ́ẹ̀dì òun á ṣì wà níbẹ̀ tí Kérésì bá dé. Mo ní, "Ibo la fẹ́ gbé e lọ?"