Kí la ó máa pe «addendum», ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yí ìwé ìpè iṣẹ́ (èyí tí wọ́n fi ń pe agbaṣẹ́ṣe wá díye lé iṣẹ́) padà kí ọjọ́ ìparí tó pé?

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣàgámù ní «àfikún» ló tọ́, torí pé ẹ̀yìn ìwé ìpè ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn á ti agbaṣẹ́ṣe sí kòtò.

Ká ní gọ́tà mítà 150 ni ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú fẹ́ ṣe. Kí ọjọ́ ìparí tó pé, wọ́n kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó gba ìwé ìpè pé mítà 120 ni, wọ́n sì fi ọjọ́ 7 sún ọjọ́ ìparí síwájú. Kí ni wọ́n fi kún un níbẹ̀? Mítà 30 ni wọ́n gé kúrò! Tí mítà kan bá jẹ́ ₦40,000, ₦1,200,000 ti fò lọ. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá kéde pé fìlà pupa tí wọ́n fẹ́ dé lọ sí Ojúde Ọba ti di aláwọ̀ ewé, ta ló máa pe ìyẹn ní àfikún?

Ẹni tó bá gbọ́ «àfikún», síso ló máa so ó mọ́ ẹ̀yìn, BOQ rẹ̀ (ìwé tó to iṣẹ́, ìwọ̀n àti iye owó wọn) á sì wà bó ṣe wà. Ó yẹ kó yọ ojú-ìwé àtijọ́, kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kó tún àròpọ̀ rẹ̀ ṣe, kó gbé e lọ sí àkópọ̀ owó, kó tó wá kan lẹ́tà ìdíyelé. Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ nìyí: BOQ ń wí ₦4,800,000, lẹ́tà ṣì ń wí ₦6,000,000. Lẹ́tà yẹn náà ló yẹ kó dárúkọ nọ́ńbà àti déètì àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rí 1 àti 3 gbọ́dọ̀ béèrè 2.

«Àtúnṣe» ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá dúró. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù kan náà, SF 30, ni wọ́n fi ń yí ìwé ìpè padà, òun náà ni wọ́n fi ń yí àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí padà. Àyè 11 ni ti ìpè, àyè 13 ni ti àdéhùn. Lẹ́nu tiwa, kò sí àyè tá a ó fàmì sí, torí náà «àtúnṣe ìpè» àti «àtúnṣe àdéhùn» ni kí á máa sọ.

«Àtúnpè» tí ẹnì kan dá lábàá dùn létí, àmọ́ ẹ fi í pa mọ́ de ìgbà tí wọ́n bá fagi lé ìpè, tí wọ́n tún polongo iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Kíkọ̀wé pé a ti gba àtúnṣe («acknowledgement») ńkọ́, ṣé «ìjẹ́wọ́» la ó pè é? Rárá o, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń jẹ́wọ́. «Mo ti rí i gbà» ti tó.