Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jáwọ́ nínú fíìmù tí mò ń kó sí mẹ́mọ́rì fáwọn kọ́sítọ́mà?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan n'Íbàdàn, mò ń tún fóònù ṣe, mo sì máa ń kó fíìmù Yorùbá sí mẹ́mọ́rì káàdì fáwọn èèyàn, orí Telegram ni mo ti ń wà á, fíìmù mẹ́wàá 500 náírà. Òun ló ń bá mi san owó iná ká sòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò ìyàwó mi tó máa ń ṣe mekọ́ọ̀pù lóko eré yà sọ́dọ̀ mi, ló bá rí fíìmù kan tóun náà bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ṣe fíìmù yìí ṣì jẹ mí ní bálánsì o, ó ní wọ́n ti gbé e káàkiri kówó òun tó wọlé." Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ náà mi ò lè kó fíìmù fún ẹnikẹ́ni kí n má rántí ojú ọmọ yẹn.

Mo mọ̀ pé òfin Copyright 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, ò fàyè gbà á. Àmọ́ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń rà lọ́wọ́ mi, dátà wọ́n, sinimá ńkọ́, kò lè débẹ̀ láéláé, ṣé tiẹ̀ náà ń pa àwọn tó ṣe fíìmù lára ni? Síbẹ̀ tó bá wò ó lórí káàdì mi, YouTube ò ka wíwò yẹn mọ́ èyí tí wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tó ni fíìmù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ tíátà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dá a dúró pátápátá ni, àbí ẹ lè fún mi láṣẹ ká jọ máa pín owó ẹ̀? Ta ni kí n lọ bá?