Kòkòrò-àfòmọ́ ni, àbí àfòmọ́-kòkòrò? Lórí orúkọ Yorùbá fún Paras àti Parasect

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún Paras àti Parasect, ẹ̀dá méjì inú géèmù Pokémon. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kí Parasect máa jẹ́ "kòkòràfòmọ́", kí kòkòrò tí olú ń hù lẹ́yìn rẹ̀ sì máa jẹ́ "agbàlejò". Àbúrò wa kan ní "ẹlẹ́gùn olú" ló bá a mu jù. Ẹnì kẹta ní ká kúkú tú orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún irú olú bẹ́ẹ̀, ká pè é ní "kòkòrò òtútù, koríko ẹ̀ẹ̀rùn". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àgbà àti ọmọdé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀.

Géèmù tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọjú jáde ní Jàpáánì ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996. Paras ni nọ́ńbà 46, Parasect ni 47. Paras kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ló ní, ọwọ́ iwájú rẹ̀ méjèèjì rí bí ọwọ́ akàn, olú pupa kékeré méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá dé ìpele 24, á pa ara dà. Olú méjì á di ẹyọ kan gbàǹgbà tó bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bí agbòòrùn, gíga rẹ̀ á di mítà kan, ìwọ̀n rẹ̀ á kúrò ní kílò 5.4, á di 29.5. Àmọ́ ojú ni kí ẹ wò. Ojú Paras ní ọmọlójú. Èèyàn á mọ̀ pé ó ń wo nǹkan. Ti Parasect funfun láúláú ni, kò sí ọmọlójú kankan níbẹ̀. Pokédex, ìwé ìtọ́kasí tó wà nínú géèmù náà, kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: olú ti gba kòkòrò, olú ló ń ro gbogbo ìrònú. Ó ní ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù ni Parasect fẹ́ràn, àti pé olú ló fẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe kòkòrò.

Ohun tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe wà láyé yìí. Satoshi Tajiri tó dá Pokémon sílẹ̀ dàgbà ní Machida, ní agbègbè Tokyo, kòkòrò ló sì ń kó kiri ní kékeré. Ní ilẹ̀ yẹn, kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní semi, tó máa ń pariwo lórí igi nígbà ooru. Inú ilẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé fún ọdún mélòó kan. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nípọn, òun ló fi ń walẹ̀, omi inú gbòǹgbò igi ló sì ń fà mu. Bí irú olú kan bá wọ ọmọ semi lára, inú ilẹ̀ níbẹ̀ ló máa kú sí, olú á sì gba iwájú ara rẹ̀ yọ sókè. Semitake ni wọ́n ń pe olú náà. Take ni olú. Paras náà ń walẹ̀ lọ fa gbòǹgbò igi mu, olú ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Pokédex tún pe olú ẹ̀yìn Paras ní orúkọ: tōchūkasō. Orúkọ yìí ni ẹnì kẹta fẹ́ ká tú. Àmì ìkọ̀wé mẹ́rin ni, tí Ṣáínà ń kà ní dōng chóng xià cǎo: ìgbà òtútù, kòkòrò, ìgbà ooru, koríko. Àwọn ará Tibet ń pè é ní yartsa gunbu, àwọn fi ti ooru ṣáájú: koríko ooru, kòkòrò òtútù. Olú gan-an tó ni orúkọ náà ni Ophiocordyceps sinensis, orí òkè tó ga tó mítà 3,000 sí 5,000 ló ń hù sí. Ìdin àfòpiná kan tó ń jẹ gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀ ló ń mú. Hóró olú á lẹ̀ mọ́ awọ ìdin, á lu awọ náà, á wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á máa pọ̀ sí i títí tí kò fi ní sí nǹkan mìíràn nínú awọ náà ju olú lọ. Ìdin á kú sí ìdúró, orí sókè, nítòsí òkè ilẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, ọ̀pá olú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀ á yọ láti orí rẹ̀. Ọ̀pá yẹn nìkan lẹni tó ń wá a lè rí láàárín koríko, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń wá a. Tó bá kàn fà á tu, á já lọ́rùn, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa fi ọkọ́ kékeré wú ilẹ̀, kí olú àti ìdin lè jáde pọ̀.

Orúkọ tó dùn ni lójú àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, etí Yorùbá á gbọ́ nǹkan mìíràn. Lóòótọ́, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò dípò ooru àti òtútù ilẹ̀ òkèèrè nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹjọ, ó sì bá ibẹ̀ mu, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbà kò ní yéé yí. Níbí, koríko ẹ̀ẹ̀rùn ni koríko tó ti gbẹ, tó ń dúró de iná. Ìgbà òjò ni olú ń hù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé olú di koríko ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ òdìkejì ohun tó fẹ́ sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olú kì í ṣe koríko. Kò ní ewé tútù, kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Géèmù náà fi Paras sí ẹgbẹ́ kòkòrò àti ewéko pọ̀, nítorí ìyẹn ni iná fi ń dùn ún ní ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ ká gbé ìpín géèmù wọ inú orúkọ. Ohun tí mo fẹ́ ká dì mú nínú àbá yẹn ni "kòkòrò". Chóng ti Ṣáínà, mushi ti Jàpáánì àti kòkòrò tiwa fẹ̀ bákan náà: wọ́n gba eṣinṣin, wọ́n gba ìdin, wọ́n gba èyí tó wà nínú ikùn.

Ó ku àfòmọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ ká kọ́ ilé lé. Ẹni tó bá ní oko kòkó tàbí obì mọ àfòmọ́ dáadáa. Ẹyẹ ló ń gbé e wá: á jẹ èso rẹ̀, hóró inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí àtè, á gún èèpo igi, á máa fa omi rẹ̀. Apá ẹ̀ka tó kọjá ibi tó jókòó sí á gbẹ dà nù. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń gé ẹ̀ka náà kúrò nísàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ wà, kì í kàn ṣe pé kó já ewé rẹ̀, torí á tún rú. Àwọn baba wa ní, "Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan." Pokédex sọ irú rẹ̀ gan-an nípa Parasect: ọ̀pọ̀ wọn á bo igi ńlá kan, wọ́n á fa ìdí àti gbòǹgbò rẹ̀ mu, tí igi náà bá kú, gbogbo wọn á ṣí lọ sórí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe hun: à, fò, mọ́. Àfòpiná náà nìyẹn: à, fò, pa, iná. Àfòmọ́ àfòpiná ni olú Tibet, ohùn méjèèjì bára wọn mu bíi pé ẹnì kan jókòó ṣe é. Àwọn onígírámà wa sì ti mú àfòmọ́ lò fún mọ́fíìmù (ẹyọ ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀) tí kò lè dá dúró, à ìbẹ̀rẹ̀ àfòmọ́ gan-an sì jẹ́ àfòmọ́.

Ibi tí mo ti yà sí ẹ̀gbọ́n ni ètò ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì mú iwájú "parasite", ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àfòmọ́, ó mú ẹ̀yìn "insect", ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kòkòrò, ó so wọ́n pọ̀, kò sì sọ ta ni àfòmọ́ nínú wọn. Yorùbá kò lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àpólà orúkọ wa, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni orí, ìyẹn ohun tí à ń sọ gan-an, èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀yán, tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá ní "kòkòrò àfòmọ́", tàbí ká pa fáwẹ́lì jẹ kó di kòkòràfòmọ́, a ti sọ pé kòkòrò ni ẹ̀dá náà, pé òun ló ń ṣe àfòmọ́. Irọ́ nìyẹn fún Parasect, olú ni àfòmọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ fún Paras! Paras ń fa gbòǹgbò igi mu, ọmọlójú rẹ̀ ṣì wà, kòkòrò ṣì ni. Torí náà, àbá mi ni pé kí Paras máa jẹ́ Kòkòrò-àfòmọ́, kí Parasect máa jẹ́ Àfòmọ́-kòkòrò. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, wọ́n kàn pààrọ̀ ààyè. Ní ìpele 24, èyí tó jẹ́ ẹ̀yán di orí. A ó fi àmì ìsopọ̀ sí àárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má pa fáwẹ́lì jẹ, torí tí a bá pa á jẹ, ọmọdé kò ní gbọ́ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

"Agbàlejò" ni mi ò lè gbà rárá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Gẹ̀ẹ́sì ti mú "parasite" túmọ̀ sí ẹni tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn. Nínú òye yẹn, ó bójú mu kí ẹni tí wọ́n ń jẹ di onílé oúnjẹ. Lọ́dọ̀ wa, àlejò kanlẹ̀kùn, a fún un lómi, ó sì ní ọjọ́ tí yóò padà. Kò sẹ́ni tó ń gba àfòmọ́ lálejò. Ẹ jẹ́ ká fi àfòmọ́ sí ààyè àlejò, kó di agbàfòmọ́: ìhun kan náà, ìtumọ̀ tó tọ́.

Àbúrò mi, "ẹlẹ́gùn olú" wú mi lórí, mo sì rí ìdí tí o fi sọ ọ́. Ojú tó yí padà, ara tí ẹlòmíràn ń darí, gígùn ló jọ. Ṣùgbọ́n òrìṣà tó gun ẹlẹ́gùn máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti tọ́ ẹlẹ́gùn fún un, àwọn èèyàn dúró tì í, ara rẹ̀ á padà di tirẹ̀, ọlá sì ni fún un, nílé níbí àti ní Brazil tí wọ́n ṣì ń pè é ní elegun. Olú kì í sọ̀. Nínú igbó Thailand, irú olú bẹ́ẹ̀ tó ń mú èèrà ń mú kó fi ẹnu gán iṣan abẹ́ ewé, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí ilẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin ti tó fún olú, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Àwọn onímọ̀ ní Penn State, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, rí i ní 2017 pé olú náà kò wọ ọpọlọ èèrà. Iṣan ara ló fọ́n ká sí. Kì í bá a sọ̀rọ̀, ó kàn ń fa okùn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó ní ọ̀wọ̀ kò yẹ níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tó le fún ìṣàpèjúwe, "olú amúnisìn" wà.

Ó ku orúkọ fún ọgbọ́n ìjà Paras àti Parasect, èyí tó ń fi hóró olú mú alátakò sùn. Nínú géèmù 1996, ìdílé Paras nìkan ló ní in, 100 nínú 100 sì ni wọ́n kọ fún bó ṣe ń bá ẹni. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "ìyẹ̀fun olú". Ìyẹ̀fun ni ohun tí a lọ̀ láti jẹ. "Hóró" nìkan sì tóbi jù. Ẹ mú olú tó ti gbó, ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ da ojú rẹ̀ dé orí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ìlà abẹ́ olú náà lórí bébà, gbogbo rẹ̀ pátá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Lẹ́búlẹ́bú olú ni kí ó máa jẹ́.